Bí Iyè Kọ̀ǹpútà Bá Ń Purọ́

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, kọ̀ǹpútà tí Linus Torvalds fi ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ọmọ ilẹ̀ Finland ni ọkùnrin yìí. Òun ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991, èyí tó jẹ́ ìpìlẹ̀ tí fóònù Android dúró lé lórí lónìí. Òun fúnra rẹ̀ ló to kọ̀ǹpútà náà ní ọdún 2020, ó sì ti lò ó fún ohun tó ju ọdún méjì lọ láìsí wàhálà. Lójijì, iṣẹ́ tó máa ń parí wọ́ọ́rọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀ láàárín ọ̀nà. Àsìkò tí ó ń gba àtúnṣe tuntun wọ inú Linux ni èyí bọ́ sí, nítorí náà Linux ló kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀kan nínú àwọn RAM tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ tò sínú kọ̀ǹpútà náà ló ti bàjẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan láti tò ó fúnra wọn. Ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn kẹ́yìn ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rù. RAM, tí í ṣe iyè kọ̀ǹpútà, ni wọ́n máa ń bi léèrè gbẹ̀yìn. Bí a bá fi díìsìkì wé àká tí àgbẹ̀ ń kó irè sí, RAM ni àtẹ tí ó ń pa èyí tó fẹ́ tà lójúmọ́ sí: bí iná bá ti kú, àtẹ ti tú. Gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ yìí, ìbáà jẹ́ lẹ́tà, àwòrán tàbí owó, 0 àti 1 ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ ọ́. Bí ojú kan ṣoṣo nínú RAM bá kọ̀ láti di ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ mú, ibi tí àṣìṣe náà bọ́ sí ni yóò sọ irú àìsàn tí ènìyàn yóò rí. Bó bọ́ sínú àwòrán, ó lè má sí ẹni tí yóò kíyè sí i. Bó bọ́ sínú ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà lè kú lójijì. Bó bọ́ sínú ìṣirò owó, iye owó yóò yí padà, ẹ̀rọ kò sì ní sọ ohunkóhun.

Èyí ṣẹlẹ̀ rí nínú ètò ìdìbò. Ní Schaerbeek, lágbègbè Brussels ní ilẹ̀ Belgium, ẹ̀rọ ka ìbò olùdíje kan ní ọdún 2003, iye rẹ̀ sì ju èyí tó ṣeé ṣe lọ. Nígbà tí wọ́n tún un kà, wọ́n rí i pé ìbò 4,096 ni ẹ̀rọ fi kún tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ yẹ ètò ẹ̀rọ náà wò, wọn kò rí àléébù. Ṣùgbọ́n iye yẹn fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí: bí ènìyàn bá sọ 1 di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mejìlá, 4,096 ni yóò dé. 0 kan ṣoṣo ló di 1 nínú iyè ẹ̀rọ. Bí kì í bá ṣe pé iye náà kọjá ààlà, ta ni ìbá mọ̀?

Ti Schaerbeek ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ. RAM tó ti bàjẹ́ ní tirẹ̀ a máa tún àṣìṣe ṣe, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi lè tẹ̀ ẹ́. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní MemTest86, tí Chris Brady kọ́kọ́ kọ ní ọdún 1994. Orí flash ni wọ́n ń gbé e sí, yóò sì ṣiṣẹ́ kí Windows tàbí Linux tó jí rárá, kí ohun mìíràn má baà jókòó sórí àtẹ. Yóò kọ 0 àti 1 sínú RAM ní oríṣiríṣi ọ̀nà, yóò padà kà wọ́n, yóò sì wò ó bóyá ohun tó kọ ló kà. Ó dára kí ó ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Bí àṣìṣe bá jáde, kì í ṣe ọjà ló kàn. Kí onítọ̀hún kọ́kọ́ wo inú BIOS bóyá XMP tàbí EXPO ń mú RAM náà sáré ju bó ti yẹ lọ. Kí ó pa á, kí ó tún ìdánwò ṣe. Bí àṣìṣe bá pòórá, eré àsápajúdé ló fà á. Bí kò bá lọ, kí ó yọ okùn iná, kí ó tú àwọn RAM sílẹ̀, kí ó máa ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ ojúhò kan náà láti dán an wò lóun nìkan. Nígbà mìíràn, títún un kì bọ̀ dáadáa nìkan ti tó ìwòsàn. Bí àṣìṣe bá ń tẹ̀lé RAM kan káàkiri, RAM náà ni ọ̀daràn. Bó bá jẹ́ pé inú ojúhò kan ni gbogbo wọn ti ń ṣàṣìṣe, mọ́dábọ́ọ̀dù tàbí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló lẹ́jọ́.

Ewu tó tóbi jù wà lẹ́yìn ìdánwò. Gbogbo fáìlì tí kọ̀ǹpútà kọ nígbà tí RAM rẹ̀ ń ṣàìsàn ló gba orí àtẹ náà kọjá. Fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé ìṣirò ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́: ẹ̀dà tí wọ́n fi pamọ́ pàápàá lè jẹ́ ẹ̀dà irọ́. Nítorí náà, ẹ̀dà tó ti wà kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ kò yẹ ní pípa rẹ́.

Oògùn àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1950 ni Richard Hamming ti Bell Labs ti kọ̀wé lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè mọ àṣìṣe ara rẹ̀, kó sì tún un ṣe. Irú ìmọ̀ yìí ni RAM tí wọ́n ń pè ní ECC ń lò: bí ojú kan bá yí padà, yóò tún un ṣe, bí méjì bá yí padà, yóò ké gbàjarè. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà inú ilé kò ní in. Torvalds fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé owó ECC ti ga jù nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, òun kò sì padà sí i mọ́ títí wàhálà fi dé.

Ní Computer Village ní Ìkẹjà, wọ́n ń ta RAM tòkunbọ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín? Ìdánwò kò gba kọ́bọ̀. Iná alẹ́ ọjọ́ kan ló gbà. Ọ̀rọ̀ tó sì máa ń pa ènìyàn lẹ́nu mọ́ ní ọ́fíìsì ni pé kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, ṣùgbọ́n bí iyè rẹ̀ bá ṣì í lọ́nà, ohùn kan náà ni yóò fi sọ òtítọ́ àti irọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ó sàn kí ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ra RAM.