Fáíbà Kì í Jẹrà, Igi Inú Rẹ̀ Ló Ń Jẹrà

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ìgbòkun àtijọ́ ní etí omi Chesapeake ní Amẹ́ríkà, kó mú súkúrùdíráfà dání lọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tú nǹkan kan. Ìdí rẹ̀ oníke ni yóò máa fi kan orí dẹ́ẹ̀kì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti iwájú ọkọ̀ títí dé ẹ̀yìn. Bó bá ń dún kó-kó-kó, inú dẹ́ẹ̀kì ṣì le. Bó bá dún bọ̀-bọ̀, bí ẹni ń gbá tìmùtìmù, omi ti wọ ibẹ̀, igi tó wà láàárín fáíbà rẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Ẹni tó ń tà á lè máa ròyìn ìgbòkun tuntun àti ọ̀dà tó ń dán. Ẹ jẹ́ kó máa sọ, ẹ máa kan dẹ́ẹ̀kì yín lọ.

Iṣẹ́ yìí kọ́ ló ń bọ́ mi o. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Baltimore. Ọjọ́ tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ ni mo máa ń wà ní yáàdì ọkọ̀ nísàlẹ̀ Annapolis, tèmi ti ìbòmú àti sáńpépà. Ọkọ̀ tí mo ń tún ṣe gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 28 àti díẹ̀. Pearson Triton lorúkọ irú rẹ̀, Bristol ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ni wọ́n sì ti ṣe é ní 1962. Ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ fún mi.

Àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ láyé àtijọ́ ní Baltimore tí mò ń gbé yìí, adíkọ̀ ni wọ́n. Pákó ni ọkọ̀ nígbà náà, àlàfo sì máa ń wà láàárín pákó kan àti èkejì. Adíkọ̀ a fi òòlù onígi àti irin pẹlẹbẹ ki ìtú okùn àtijọ́ bọ àlàfo yẹn, a sì da ọ̀dà gbígbóná lé e. Ní Fells Point, èèyàn dúdú ló gba iṣẹ́ náà kan, ẹrú àti òmìnira. Ibẹ̀ ni Frederick Douglass, ajìjàgbara tó lókìkí nì, ti kọ́ ọ nígbà tó ṣì wà lóko ẹrú. Òun ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ló ń gba owó rẹ̀ lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, títí tó fi múra bí atukọ̀ tó sì sá lọ ní 1838. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun daṣẹ́ sílẹ̀: àfi kí wọ́n lé àwọn adíkọ̀ dúdú kúrò ní yáàdì. Wọ́n sì lé wọn. Ni adíkọ̀ dúdú kan, Isaac Myers, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dáwó jọ, wọ́n dá yáàdì tiwọn sílẹ̀, Chesapeake Marine Railway and Dry Dock Company. Yáàdì yẹn ṣiṣẹ́ títí di 1884.

Mo máa ń rántí wọn tí mo bá wà lábẹ́ ọkọ̀ mi, torí kò sí ohun tí adíkọ̀ máa wá ṣe níbẹ̀. Irin ló kọ́kọ́ gba ọkọ̀ ńláńlá lọ́wọ́ wọn. Fáíbà, ìyẹn òwú dígí tí a fi rẹ́sìn mú gan, wá gba kéékèèké. Láti òkè délẹ̀, ọkọ̀ mi kò ní ojú pákó kankan tí ẹnikẹ́ni lè dí.

Bí fáíbà ṣe dáyé, èèṣì ni. Ní 1932, Dale Kleist, ọ̀dọ́ kan tó ń ṣèwádìí nílé iṣẹ́ dígí ní Ohio, ń wá bó ṣe máa lẹ búlọ́ọ̀kù dígí méjì pọ̀. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ tagbáratagbára bá kọ lu dígí yíyọ́, dígí náà fọ́n ká, ó di òwú tín-ín-rín. Ọ̀gá rẹ̀, Games Slayter, rí i pé nǹkan ti dé. Òwú dígí nìkan kò lè di ọkọ̀ ṣá. Aṣọ lásán ni, ó rọ̀. Rẹ́sìn polyester tí Carleton Ellis ṣiṣẹ́ lé lórí ní àwọn ọdún 1930 ló fún un légungun. Ẹ rẹ aṣọ dígí sínú rẹ́sìn tí ẹ ti da kátálísì sí, á gbóná fúnra rẹ̀, á gan, kò sì ní yọ́ mọ́ láé. Ní 1942, Ray Greene, tóun náà jẹ́ ará Ohio, fi méjèèjì ṣe ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan.

Irú tèmi kò jáde títí di 1959. Clinton àti Everett Pearson, tí wọ́n jẹ́ mọ̀lẹ́bí, ti ń fi fáíbà ṣe ọkọ̀ pẹ́pẹ̀pẹ́ nínú gáréèjì. Tom Potter wá bá wọn pé bí wọ́n bá lè ṣe ọkọ̀ tí ìdílé lè sùn nínú rẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì ní tó 10,000 dọ́là, ọjà á yá. Carl Alberg, ọmọ Sweden tó ti di ará Amẹ́ríkà, ló ya àwòrán rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún náà wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ọkọ̀ ní New York. Ìtàn tí gbogbo wa máa ń sọ ní yáàdì ni pé owó tí wọ́n fi gbé e débẹ̀ gan-an, wọ́n yá a ni. 9,700 dọ́là ni wọ́n pè é. Kí àfihàn tó tú ká, èèyàn 17 ti san àsansílẹ̀. Triton tí wọ́n ṣe lé ní 700 kí wọ́n tó dáwọ́ dúró lápá ìparí àwọn ọdún 1960.

Ohun tó gbè wá ni pé àwọn èèyàn yẹn kò tíì mọ bí fáíbà ṣe lágbára tó. Wọn kò fẹ́ ìtìjú, wọ́n bá ń fi aṣọ dígí léra. Nígbà tí mò ń pààrọ̀ ibi tí omi ń gbà wọlé sínú ẹ́ńjìnnì, mo gé ègé roboto kan jáde lára ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ó wà lórí tábìlì mi nílé. Ẹ lè ka ìpele rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, èyí tí okùn rẹ̀ nípọn àti èyí tó rí wúruwùru, kò sì sí ìpele kan tó ti yà kúrò lára èkejì. Nígbà tí epo rọ̀bì wọ́n gógó ní 1973, rẹ́sìn náà wọ́n, torí inú epo rọ̀bì ló ti ń wá. Àwọn onímọ̀ ti wá mọ ìṣirò bó ṣe yẹ kó nípọn tó nígbà náà, ara ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá bi mí, èyí tí wọ́n ṣe kí ìṣirò tó dé ni màá ní kó rà.

Ọkọ̀ pákó tí ẹ kò bá tọ́jú, á rì, ọ̀rọ̀ parí. Fáíbà kì í lọ. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1962 wà nílẹ̀, ti 1972 wá bá a, ti 1982 tún dé, gbogbo wọn kóra jọ sí yáàdì. Ní 1991 ìjọba àpapọ̀ tún gbé owó orí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé ohun tó bá lé ní 100,000 dọ́là nínú owó ọkọ̀ tuntun. Wọ́n fagi lé e ní 1993, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti kógbá sílé. Ọlọ́kọ̀ á darúgbó, orúnkún á máa dùn ún. Àwọn ọmọ rẹ̀ á ní àwọn ò fẹ́. Owó yáàdì á máa gorí ara wọn lóṣooṣù. Ìdí nìyẹn tí owó tí mo fi ra tèmi kò fi tó owó táyà mẹ́rin fún jíìpù.

Báyìí ni iṣẹ́ tó jẹ́ ti ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gbẹ̀rì bíi tèmi. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ ìyá Gougeon ní Bay City, Michigan, ti ń ta epoxy, irú rẹ́sìn mìíràn, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ní 1991, Don Casey kọ ìwé This Old Boat, ó sì ń bá ẹni tí kò di òòlù mú rí sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ní yáàdì ló ní in, tèmi ti ya lẹ́yìn, rẹ́sìn sì ti lẹ ojú ewé mélòó kan pọ̀.

Àmọ́ kì í ṣe ìwé nìkan ló kọ́ mi. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Mushin tó ti ń fi fáíbà ṣe bọ́ńpà mọ́tò àti táǹkì omi kí n tó wá sí Amẹ́ríkà. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ó pè mí lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Kátálísì mélòó lò ń dà sí i?" Kò tiẹ̀ dáhùn ìkíni.

"Epoxy ni, sà. Rẹ́sìn márùn-ún sí hádínà ẹyọ kan ni."

"Ẹyọ kan sí márùn-ún! Tí n bá da kátálísì tó báyẹn sí tiwa níbí, gáràwá á gbiná mọ́ mi lọ́wọ́."

Òótọ́ ló sọ. Polyester tó ń lò, ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún tó fún un, ó sì máa ń wojú oòrùn kó tó kán an sí i: bí ọ̀sán bá mú, a dín in kù. Epoxy kì í gba irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Bí òtútù bá ń mú, ẹ kò lè bù kún hádínà rẹ̀. Ńṣe lẹ máa ra irú èyí tó yára, ẹ óò wọn ọ́n bó ṣe yẹ, ẹ óò sì dúró. Ẹ̀gbọ́n ní oúnjẹ aláìsàn ni. Síbẹ̀ òun náà gbà pé polyester tuntun kì í fẹ́ lẹ mọ́ fáíbà tó ti gan tipẹ́. Epoxy máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn ni mo ṣe ń náwó lé e.

Dẹ́ẹ̀kì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá padà. Fáíbà wà lókè, fáíbà wà nísàlẹ̀, igi balsa wà láàárín. Igi fúyẹ́ ni balsa, òun ló ń jẹ́ kí dẹ́ẹ̀kì le láìwúwo, mi ò sì lẹ́jọ́ bá a rò. Ihò ni mo lẹ́jọ́ bá rò. Gbogbo bóòtì tó mú òpó irin ẹ̀gbẹ́ dẹ́ẹ̀kì dúró, gbogbo irin tí a ń so okùn mọ́, inú ihò ni wọ́n ń gbà. Àtè tó dí ihò náà á gbẹ, á là, omi òjò á máa yọ́ wọlé, balsa á máa mu ún. Lókè, dẹ́ẹ̀kì á ṣì máa dán.

Pẹ́ńsù ni mo fi ń sàmì yí ibi tó ti bàjẹ́ ká. Mo dín ẹnu ayùn oníná kù kó lè gé awọ òkè nìkan, kó má kan ti ìsàlẹ̀. Nígbà tí awọ yẹn bá ṣí, òórùn omi tó ti ba síbẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan ló kọ́kọ́ ń kí èèyàn. Balsa tó yẹ kó funfun ti dúdú, ó ń rin. Ìka lásán ni mo fi ń hú u. Ibi tó bá ti gbẹ tó sì le ni mo ti ń dúró. Màá fi tapólì bo ojú ibẹ̀, màá gbé fáànù sí i, màá fi sílẹ̀ títí á fi gbẹ kanranjángbọ́n, torí epoxy kì í lẹ mọ́ igi tútù. Lẹ́yìn náà ni balsa tuntun á wọlé pẹ̀lú epoxy tí mo ti pò mọ́ ìyẹ̀fun tó ń mú un ki. Awọ àtijọ́ á padà sójú ààyè rẹ̀, báàgì iyanrìn á gorí ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì màá fi maṣíìnì rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojú gígé náà kó dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀, kí ìgbòòrò rẹ̀ tó ìlọ́po 12 bó ṣe nípọn tó, kí aṣọ dígí tuntun lè rí ibi dì mú. Ní ti bóòtì, màá lu ihò tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, màá fi epoxy dí i, màá wá lu ihò kékeré sáàárín rẹ̀. Bí bóòtì náà bá jò lọ́jọ́ iwájú, epoxy lomi máa bá pàdé, kò ní rí igi. Ká ní wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Bristol, a kì bá tí máa fi gbogbo ìgbà ìrúwé hú balsa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe láti tà ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n rò pé ọmọ Yorùbá kan máa jogún.

Eruku fáíbà ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́. Ara á máa yún èèyàn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Omi tútù la kọ́kọ́ fi ń wẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ mi, Atomic 4, bẹntiróòlù ló ń mu. Ilé iṣẹ́ Universal ṣe é láti 1947 títí di 1984, iye rẹ̀ sì lé ní 40,000. Ohun tó ń ba èèyàn lẹ́rù níbẹ̀ ni pé oru bẹntiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìdí ọkọ̀ ló ń lọ jókòó sí. Kí ẹ tó tan iná ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí fáànù kó o jáde ná, kẹ́ ẹ sì fi imú yín gbóòórùn ibẹ̀. Àwọn kan ti yọ tiwọn, wọ́n ti fi èyí tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì sí i. Tèmi ṣì wà níbẹ̀, pátì rẹ̀ ṣì ń tà lọ́jà.

Mi ò sọ pé kí wọ́n tún gbogbo ọkọ̀ ṣe o. Lọ́dún tó kọjá wọ́n gé Triton míì ní yáàdì wa, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀: dẹ́ẹ̀kì rẹ̀ ti lọ pátápátá, igi tó gbé òpó ìgbòkun ró nísàlẹ̀ ti tẹ̀. Òjé ìdí rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yọ, torí òjé ń pa owó. Wọ́n yọ òpó, wọ́n yọ idẹ, mo sì ra wíńṣì méjì tí a fi ń fa okùn níbẹ̀. Ara rẹ̀ ló wá kù. Fáíbà ń jẹ ẹnu ayùn bí wọ́n ṣe ń gé e, wọ́n ń jù ú sínú kọ̀ǹtínà ìdọ̀tí ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n.

"Èló ni wọ́n ń ta fáíbà yẹn?" ló bi mí.

"Wọn kì í tà á, sà. Àwọn gan-an ló ń sanwó kí wọ́n tó bá wọn kó o dànù."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Wíńṣì yẹn, ṣé wọ́n ń yí?"

"Wọ́n ń yí, Ẹ̀gbọ́n. Gírísì inú wọn ló ti gan. Kẹrosíìnì ni mo fi fọ̀ wọ́n."

"O ṣeun. Fi fọ́tò tiwọn náà ránṣẹ́."