Búrẹ́ẹ̀kì Bọ́ọ̀sì Wa

Nígbà tí bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ wa kò tètè dúró mọ́, àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ dáwó jọ. Àwọn kan nínú wa fẹ́ ra kálípà olówó gọbọi, irin tí ń fún páàdì mọ́ dísìkì, irú èyí tí ọkọ̀ eré ìje ń lò. Mẹkáníìkì tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò: páàdì ti jẹ dé irin, omi ti wọ inú òróró búrẹ́ẹ̀kì, eyín táyà sì ti jẹ tán. Kálípà ńlá ń gba ooru eré àsápajúdé. Kò lè bá táyà di ilẹ̀ mú. A pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́ nìkan, ọkọ̀ sì ń dúró. Ẹ̀yin òbí, à ń bẹ Ọlọ́run kí ó ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ jẹ́ kí a máa yẹ táyà wò kí a tó ṣe àmín.