Ẹ Yé Dán Màmá Wò

Àlejò kì í wọlé wa kó má bi màmá mi ní ìbéèrè kan náà: "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ mí?" Bí wọn ò bá tètè fèsì, á sún mọ́ wọn, á gbóhùn sókè bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀: "Ẹ wò mí dáadáa. Ta ni mí?" Ìfẹ́ ló ń mú wọn bèèrè, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò ni, ẹni tí wọ́n sì ń dán wò mọ̀ pé òun ò yege. Ojú màmá á fà ro, ọwọ́ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fa etí ìró. Lọ́jọ́ kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn bi wọ́n títí tí kò dákẹ́, wọ́n wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Àbí ìwọ náà ò mọ ara rẹ ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, màmá ló jàre.

Iyè wọn ló ń ra. Alzheimer ni dókítà pè é. Alois Alzheimer, oníṣègùn ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé àìsàn náà fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1906, lẹ́yìn tí Auguste Deter, obìnrin kan tó ti tọ́jú rí, kú, tó sì yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò. Ibi tí ọpọlọ ti ń gba ohun tuntun pamọ́, tí wọ́n ń pè ní hippocampus, wà lára ibi tí àìsàn yìí kọ́kọ́ máa ń bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí màmá fi lè ka orúkọ àwọn oníbàárà wọn àtijọ́ ní ọjà Òjé n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ta aṣọ òfì kí n tó dáyé, kí wọ́n sì tún bi mí bóyá àwọn ti jẹun nígbà tí abọ́ àmàlà ṣì wà níwájú wọn.

Àwọn kan ní àìsàn òyìnbó ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ bèèrè ní Ìdíkàn n'Ìbàdàn. Lọ́dún 1992 ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bíi Benjamin Osuntokun àti Adesola Ogunniyi, pẹ̀lú Hugh Hendrie àtàwọn èèyàn rẹ̀ láti Yunifásítì Indiana, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn tó ti tó ọmọ ọdún 65 sókè lọ sílé ní àdúgbò yẹn, tí wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis l'Amẹ́ríkà. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2001, ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ni Alzheimer ń mú lọ́dún kan n'Ìbàdàn, 2.52 sì ni ní Indianapolis. Tiwa ò tó ìdajì tiwọn, ṣùgbọ́n ó wà láàárín wa. Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ náà ni pé wọn ò fi ìdáhùn arúgbó nìkan ṣèdájọ́. Wọ́n tún bi ará ilé bí ẹni náà ṣe ń ṣe sí lójoojúmọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà Ìdíkàn ò kàwé, ìdánwò orí ìwé ò sì lè sọ òtítọ́ nípa wọn. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n ò bá gbára lé ìdánwò nìkan, kí ló wá kan àlejò ọjọ́ Àìkú?

Nígbà tí àbúrò mi tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú Lọ́ńdọ́ọ̀nù kọ́kọ́ sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí màmá máa ṣe ìfarabalẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní mindfulness, mo ní nǹkan àwọn tí ebi ò pa nìyẹn. Ó ní kí n gbọ́ ọ dópin. Jon Kabat-Zinn ló gbé e wọ ilé ìwòsàn ní Massachusetts lọ́dún 1979 fáwọn tí ìrora ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló ti kọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀sìn kún un. Kò sí awo níbẹ̀: kí èèyàn fọkàn sí ohun tó ń lọ lọ́wọ́, èémí tó ń wọlé tó ń jáde, ilẹ̀ tútù lábẹ́ ẹsẹ̀, ohùn tó ń dún, láìbá ara rẹ̀ jà. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sílẹ̀. Nǹkan yìí ò bi èèyàn léèrè àná, kò sì bi í léèrè ọ̀la. Màmá ò ní àná lọ́wọ́ mọ́, ìsinsìnyí sì wà ńlẹ̀ fún wọn bó ṣe wà fún èmi àtẹ̀yin.

Kì í ṣe oògùn o. Kò sí ẹni tó lè fi ìfarabalẹ̀ dá ohun tó ti kú nínú ọpọlọ padà, ẹni tó bá sì ń ta á fún yín bẹ́ẹ̀, ẹ tọ́jú owó yín. Ohun tó lè ṣe ni kó mú kí ara rọlẹ̀, kí ìbẹ̀rù dín kù. Bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ gan-an nílé ìwòsàn ò sì bá irú màmá mu: ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìjókòó gígùn, iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹni tó gbàgbé pé òun ti jẹun, báwo ló ṣe máa rántí iṣẹ́ àṣetiléwá? Kí wọ́n ní kó dijú sì lè dẹ́rù bà á. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló yẹ kó jẹ́, ojú ní lílà sílẹ̀, kí ohun kan sì wà lọ́wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le jù nílé wa. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, màmá á dìde, wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé. "Màmá, ilé yín nìyí." Ọ̀rọ̀ yẹn ò ràn wọ́n lọ́wọ́ rí, ńṣe ló ń dá ìjà sílẹ̀. Nísinsìnyí, mo máa ń gbé àpótí síwájú wọn, mo máa ń jókòó kí ojú mi àti tiwọn lè ṣe déédéé, torí ojú lọ̀rọ̀ wà. N kì í sọ pé kí wọ́n mí. Èmi ni mo máa ń mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí èémí tiwọn náà á fi rọlẹ̀. Mo máa ń fi òrí pa wọ́n lọ́wọ́, láti ìka dé ọrùn ọwọ́, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń gbé aṣọ lé wọn lẹ́sẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé òfì tí mo rà bí ojúlówó sányán fún ìgbéyàwó fún wọn. Àtàǹpàkò wọn tọ ojú ibi tí wọ́n ti rán aṣọ pọ̀ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n yí i padà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ha á léèékánná, wọ́n gbé e sétí bí wọ́n ṣe fún un pọ̀. Wọ́n ní, "Ta ló tà á fún ẹ? Òwú lásán ni wọ́n fún ní àwọ̀ sányán." Wọn ò mọ orúkọ mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. Ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ láti kékeré kì í tètè lọ, apá ibòmíì nínú ọpọlọ ló ń tọ́jú ìyẹn. A jókòó ti aṣọ náà títí iná ọba fi dé, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ ilé mọ́.

Àwa tí à ń tọ́jú wọn náà nílò ìfarabalẹ̀ yìí, bóyá jù wọ́n lọ. Ìbéèrè kan náà láti àárọ̀ dalẹ́ lè mú kí ọmọ dáadáa sọ̀rọ̀ burúkú. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, màá mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó wọlé, màá sì dáhùn bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ nìyẹn. Ní ti màmá, ìgbà àkọ́kọ́ ni lóòótọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn ìyá àgbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti dàrú, tí ọmọ wọn wá ń sọ pé wọ́n ń jẹ́wọ́ àjẹ́, tí wọ́n gbé wọn lọ sílé àdúrà kí wọ́n gbààwẹ̀ lórí wọn. Ìkà ni. Arúgbó tó nílò oúnjẹ àti omi, ààwẹ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n gbà fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni Alzheimer: àìtó fítámì B12, àìsàn thyroid, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ẹ̀jẹ̀ tó dì sórí lẹ́yìn ìṣubú, àti oògùn tí wọ́n ń lò fún nǹkan míì lè fà á, púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí ló sì ní ìtọ́jú. Láti ọdún 2012 ni ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà, Chief Tony Anenih Geriatric Centre, ti wà ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo oògùn tí màmá ń lò dání, títí kan àgbo, kí dókítà lè rí i.