Ta Ló Gbà Á Lọ́dún Náà?

Ọ̀nà Uwasota kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Benin ní Ugbowo, ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi kún àdúgbò náà fọ́fọ́. Bí iná bá lọ, tí tẹlifíṣọ̀n kú, ọ̀rọ̀ fíìmù kì í kú. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀: ta ló gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèrékùnrin lọ́dún báyìí-báyìí? Ọmọ Edo wà níbẹ̀, Urhobo wà níbẹ̀, Ígbò wà níbẹ̀, àwa Yorùbá náà ò kẹ̀rẹ̀. Pijin la fi ń jiyàn, àmọ́ bí ó bá dójú ẹ̀, oníkálukú á padà sí èdè ìyá rẹ̀ láti fi bú ẹni tó parọ́. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé kì í ṣe ẹni tó gbégbá orókè ni ìjà náà dá lé lórí. Ohun tí wọ́n ń dù ni pé: ọmọ ta ni?

*

Ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2005 ni Peace Anyiam-Osigwe kọ́kọ́ gbé àmì-ẹ̀yẹ fíìmù Áfíríkà, AMAA, kalẹ̀ ní Yenagoa, olú-ìlú Bayelsa. The Mayors ni fíìmù tó borí, Richard Mofe-Damijo tó kópa nínú rẹ̀ ló sì gba ti òṣèrékùnrin. Ẹ sọ ọ́ ní Uwasota kí ẹ gbọ́ ariwo: tiwa ni! Yunifásítì Benin yìí náà ló ti kẹ́kọ̀ọ́ tíátà. Àwọn tó wá láti Warri á ní kí wọ́n panu mọ́, pé ibi tí èèyàn ti kàwé kì í ṣe ilé bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọ bá dára, ti bàbá ni. Bí kò bá dára, ti ìyá ni. Ti òṣèré tó gbàmì-ẹ̀yẹ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bàbá rẹ̀ á pọ̀ ju mẹ́ta lọ.

Òṣèrébìnrin Omoni Oboli ńkọ́? Ìlú Benin gan-an ni wọ́n bí i sí, yunifásítì yìí náà ló sì ti kọ́ èdè Faransé. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi tirẹ̀ ṣe ìjà.

*

Mo ní ìbéèrè kan tí mo fi ń dẹ pàkúté fún àwọn àgbà. Ta ló darí Àjàní Ògún? Wọ́n á ní Adé Love. Ta ló darí Ayé? Ògúndé ni, kí ló dé tó o fi ń bi wá léèrè ohun tí ọmọdé mọ̀! Ọ̀run Móoru ńkọ́? Bàbá Sálà, dájúdájú.

Ẹnì kan ṣoṣo ló darí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láàárín 1976 àti 1982: Ọlá Balógun, tí wọ́n bí sí Aba, tó lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Paris. Eléré ni èrò ń lọ wò láyé ìgbà náà, orúkọ eléré ló sì kù lẹ́nu wọn. Ọmọ Adé Love, Kúnlé Afọláyan, ló wá darí The Figurine, tó gba àmì-ẹ̀yẹ márùn-ún ní AMAA 2010, títí kan ti fíìmù tó dára jù lọ, tí Ramsey Nouah sì gba ti òṣèrékùnrin. Nígbà ayé bàbá rẹ̀, AMAA kò tíì délé ayé. Owó tí èrò san lẹ́nu ọ̀nà ni àmì-ẹ̀yẹ.

*

AMAA 2009: gbogbo bẹ́ǹṣì ló mọ̀ pé Fúnkẹ́ Akíndélé ló gba ti òṣèrébìnrin, pẹ̀lú Jénífà. Ọmọ Edo kan tí kò gbọ́ ju “ẹ káàárọ̀” lọ nínú Yorùbá dìde lọ́jọ́ kan, ó yí ohùn padà, ó ju ọwọ́, ó sín Jénífà jẹ títí onígbàjámọ̀ fi gbé abẹ kúrò lórí oníbàárà kó má baà ṣe é léṣe. Mo wá béèrè pé fíìmù wo ló gba ipò kìn-ín-ní lọ́dún yẹn? Kẹ́kẹ́ pa.

From a Whisper ni, láti Kenya. Wanuri Kahiu ló darí rẹ̀, ó sì dá lórí bọ́ǹbù tó bú ní ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Nairobi ní 1998. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ẹni tí wọ́n lè sín jẹ ni àwọn èèyàn ń rántí, àwọn tó ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ kò sì ní ẹ̀ka kankan fún ìyẹn.

*

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n lé yín kúrò ní Uwasota, ẹ sọ pé Adesuwa kò gba ipò kìn-ín-ní ní AMAA 2012. Òtítọ́ ni, àmọ́ òtítọ́ náà korò. How to Steal 2 Million láti South Africa ló gba ti fíìmù tó dára jù lọ. Àmì-ẹ̀yẹ fíìmù Nàìjíríà tó dára jù lọ ni Adesuwa gbà. Lancelot Oduwa Imasuen ló darí rẹ̀, ìtàn ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Benin àti Ubulu-Uku ní ọ̀rúndún kejìdínlógún nítorí obìnrin arẹwà kan ló sì dá lé. Òun náà ló padà ṣe Invasion 1897, lórí bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kó Benin tí wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar. Àwọn ọmọ Edo kì í wo fíìmù méjèèjì yìí bí eré; ẹjọ́ tí wọn kò tíì dá tán ni lójú wọn.

Pàkúté mìíràn wà nínú orúkọ yìí. “Adesuwa tó gba àmì-ẹ̀yẹ, ọdún wo ni?” Ẹni tó bá yára dáhùn ti wọ̀ ọ́. Adesuwa Etomi, tó jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Edo níbí, gba ti òṣèrébìnrin níbi àmì-ẹ̀yẹ fíìmù AMVCA ti 2016 pẹ̀lú fíìmù Falling. Kí olùdáhùn kọ́kọ́ béèrè: fíìmù ni àbí èèyàn?

*

Orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó ló ti gba Oscar fíìmù ilẹ̀ òkèèrè? Mẹ́ta péré: Algeria pẹ̀lú Z ní 1970, Côte d’Ivoire pẹ̀lú Black and White in Color ní 1977, South Africa pẹ̀lú Tsotsi ní 2006. Bí mo ṣe dárúkọ àwọn tó darí méjì àkọ́kọ́ ni ilé dàrú. Costa-Gavras, tí wọ́n bí sí Greece, ló darí Z. Jean-Jacques Annaud, ará Faransé, ló darí èkejì. “Òyìnbó ló ṣe é, kò kà!” Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ òfin ní ó kà, nítorí orílẹ̀-èdè ló fi fíìmù sílẹ̀, kì í ṣe adarí. Ṣé ẹ rí i? Ẹjọ́ Warri àti yunifásítì náà ni, ó kàn wọ kóòtù tó tóbi sí i.

Tiwa gan-an kò dé ibi tí wọ́n ti ń dìbò. Lionheart tí Genevieve Nnaji darí ni fíìmù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni wọ́n yọ ọ́ nínú ìdíje, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ígbò inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 lọ. Àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wa níléèwé kò sí nínú ìgbìmọ̀ náà láti wí tẹnu wọn.

*

Oṣù Kejì ọdún 2024, ọmọkùnrin kan sáré dé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́: Benin ti gba Berlin! Ìdùnnú ṣubú layọ̀, kó tó di pé àgbà kan gba fóònù náà kà á dáadáa. Dahomey ti Mati Diop ló gba Golden Bear níbi ayẹyẹ fíìmù Berlin. Benin ti Cotonou ni, kì í ṣe Benin ti Ọba. Ilẹ̀ Faransé ló kó ẹrù Abomey lẹ́yìn ogun 1892, Gẹ̀ẹ́sì ló kó ti ìlú yìí ní 1897. Nǹkan 26 péré ni Faransé dá padà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọ́n kó. Nínú fíìmù náà, ère Ọba Ghezo, tó jẹ́ ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n nínú ẹrù náà, ń fi èdè Fọ̀n sọ̀rọ̀ nínú àpótí tó ṣókùnkùn.

Àgbà náà ní kí ọmọkùnrin náà má banú jẹ́. Ó ní ibi tó dùn jù níbẹ̀ ni ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Abomey-Calavi ti ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹrù náà, tí ẹnikẹ́ni kò gbà fún ẹnì kejì. Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín.

*

Ezra ti Newton Aduaka ló gba ẹṣin wúrà níbi ayẹyẹ fíìmù FESPACO ní Ouagadougou ní 2007. Nínú àwọn tó dárúkọ rẹ̀ lójú mi, n kò tíì rí ẹni tó wò ó.

*

Ní 2022, ìgbìmọ̀ tó ń yan fíìmù Nàìjíríà fún Oscar dìbò pé àwọn kò ní fi ìkankan ránṣẹ́, fíìmù Aníkúlápó sì wà níwájú wọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, AMVCA gbé fíìmù yìí kan náà sórí gbogbo yòókù. Ìyàwó kan ni, ìdílé àkọ́kọ́ ní kò yẹ lọ́mọ, èkejì gbé e jó wọlé. Àwọn olólùfẹ́ fíìmù ní Uwasota kò dá ìdílé kankan lẹ́bi. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni orúkọ àwọn tó dìbò àti ohun tí oníkálukú sọ, wọn kò sì yé béèrè.

*

Òfin àwọn ará bẹ́ǹṣì nìyí: ẹni tó bá ní lágbájá gbàmì-ẹ̀yẹ gbọ́dọ̀ sọ ọdún, fíìmù, àti ipa tó kó. Méjì nínú mẹ́ta, irọ́ ni. Nígbà tí ẹnì kan wá ní Ìdòwú Philips, Ìyá Rainbow, gba AMVCA ní 2024, ẹni tó ń ṣe adájọ́ wọn, tó ń pín máàkì, na ọwọ́ jáde: fíìmù wo? Ó dákẹ́. Àmì-ẹ̀yẹ ìmọrírì ni, fún gbogbo ọdún tó ti fi ṣeré. Adájọ́ ní kó jókòó, kò ní máàkì.

Ìyá Ọ̀wọ̀ tó ń ta mọ́ínmọ́ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gbọ́ ọ.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, fíìmù wo lẹ ní?”

“Èyí tó fi gbà á ni, Màmá.”

“Èwo ni kò sí nínú rẹ̀?”

Ni wọ́n bá ń kà á, Yorùbá ń pe, Edo ń pe, Ígbò ń dá sí i, adájọ́ ń ṣẹ́ ìka títí ìka ọwọ́ méjèèjì fi tán. Wọ́n fún ọmọ náà ní máàkì rẹ̀.