Ẹ Jẹ́ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Náà Sọ̀rọ̀

Ìwé ìdánwò ni ẹ̀gbọ́n ń máàkì nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé, wọlé bá a. Fásitì ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kò kúrò ní Ìbàdàn rí.

"Àǹtí mi, kíláàsì kan ṣoṣo ló ni gbogbo òkìtì yìí?"

"Kíláàsì kan ni. Wọ́n lé ní 400. Wò ó, àṣìtẹ̀ kan wà nínú handout tí wọ́n ń ṣe fótòkópì rẹ̀ kiri. Ó wà nínú gbogbo ìwé tí mo ti máàkì láti àárọ̀. Ṣe ni wọ́n kàn há a sórí."

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín. "Ó ṣẹlẹ̀ sí Eric Mazur náà ní Harvard. Físíìsì ló ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ mọ fọ́múlà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kékeré tó gba òye ń dà wọ́n láàmú. Ní 1991, ó yíwọ́ padà. Á béèrè ìbéèrè, oníkálukú á mú ìdáhùn, á bá ẹni tó jókòó tì í jiyàn, á sì tún ìdáhùn mú."

"Ariwo ọjà nìyẹn!"

"Ó ń ṣiṣẹ́ o. Ní 2014, Scott Freeman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 225 jọ lórí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò. Níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, nǹkan bí 34 nínú 100 ló ń fìdí rẹmi. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kópa, 22 ni."

"Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀?"

"Rárá o. Ìwádìí Harvard tó jáde ní 2019 fi hàn pé àwọn tó kópa ló gba máàkì jù, síbẹ̀ wọ́n rò pé àwọn kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ nǹkan kan. Ìrònú ló ti tán wọn lókun."

Ẹ̀gbọ́n gbé báírò sílẹ̀. "Wọ́n ṣàtúnṣe tiwa náà. NUC, àjọ tó ń bójú tó fásitì, gbé CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun, jáde ní 2022: àwọn ló la ìdá 70 nínú 100 ẹ̀kọ́ sílẹ̀, fásitì á fi 30 kún un. Ohun tí à ń kọ́ yí padà, àmọ́ àwa tí à ń kọ́ni kò pọ̀ sí i. Ọdún yẹn náà ni ASUU, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ fásitì, daṣẹ́ sílẹ̀ fóṣù mẹ́jọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì ti jápa látìgbà náà. Ta ni yóò bá mi darí iyàn èèyàn 400?"

"Òótọ́ lẹ sọ, Àǹtí. Lọ́hùn-ún, àwa tí à ń ṣe PhD la máa ń darí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké fún ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n sì ń sanwó fún wa."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Fásitì tó bá fẹ́ kí àtúnṣe hàn nínú èsì ìdánwò, kó gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD rẹ̀ síṣẹ́ olùrànlọ́wọ́, kó sanwó wọn lásìkò, kó sì pín kíláàsì èèyàn 400 sí wẹ́wẹ́.