Ohùn Àwọn Ẹni Àìkú

Àwa mẹ́ta ni a jọ ń kọ ìtàn ní Àjàṣẹ́, ìtàn ẹlòmíràn ni a sì ń fi tiwa kún. Nígbà tí a wà ní ilé-ìwé ni a ka Le Seigneur des anneaux ti J. R. R. Tolkien, ní èdè Faransé, bí Francis Ledoux ti túmọ̀ rẹ̀ ní 1972 àti 1973. Inú rẹ̀ ni a ti bá àwọn Elfe pàdé, ìran tí ogbó àti àìsàn kì í pa. Ó wù wá kí wọ́n sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá, a sì mú gègé.

Ẹni tí a kọ́kọ́ fún ní ohùn ni Elrond, olúwa ilé Fondcombe. Arwen ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn Aragorn, ọmọ ènìyàn. Bí ó bá fẹ́ ẹ, òun náà yóò kú bí ènìyàn ti ń kú. A jẹ́ kí Elrond bínú, a kó òwe sí i lẹ́nu bí ọba tí ó ń lé àna tálákà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí a kà á sókè, ẹnì kan nínú wa, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀ ní Kétu, ní: «Ẹni yìí kò fẹ́ ohunkóhun. Ó kàn ń pariwo ni.»

Òtítọ́ ni. A ti gbàgbé pé ìbejì ni Elrond. Nígbà tí a ní kí wọ́n yan ìran tí wọn yóò bá lọ, òun yan ti àwọn Elfe, Elros èkejì rẹ̀ yan ti ènìyàn. Elros jọba ní Númenor, ó sì kú ní ẹni 500 ọdún. Ní ilẹ̀ wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, a máa ń gbẹ́ ère rẹ̀, kí èyí tí ó kù má baà dá wà. Ta ni ó gbẹ́ ère fún Elrond? Ó ti lo ju 6,000 ọdún lọ láyé. Àtọmọdọ́mọ Elros ni Aragorn, Elrond fúnra rẹ̀ ni ó sì tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ tí ó tọ́ fẹ́ mú ọmọ tí ó bí gba ọ̀nà tí èkejì rẹ̀ gbà lọ. Ènìyàn tí ó sin òkú mọ̀ pé òun náà yóò tẹ̀lé e lọ́jọ́ kan. Elrond kò ní irú ìtùnú bẹ́ẹ̀. A pa gbogbo òwe náà rẹ́. Ohun tí a fi sílẹ̀ fún un láti pe Aragorn kò ju «Ọmọ mi» lọ.

Lẹ́yìn èyí ni «o» àti «ẹ» dá wa dúró. Arwen fi nǹkan bí 2,700 ọdún ju Aragorn lọ, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀dọ́. Báwo ni ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni 20 ọdún yóò ṣe sọ «o» sí ẹni tí ó ti wà láyé kí baba ńlá baba rẹ̀ tó wáyé? Ẹnì kan ní kí wọ́n máa sọ «o» sí ara wọn bí àwọn ọ̀dọ́ Kùtọnu. Ẹlòmíràn ní aya ni ó yẹ kí ó sọ «ẹ» sí ọkọ. A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọlọ́fọ̀ wa ni ó yanjú rẹ̀. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá òun lò kẹ́yìn, «Ìyá mi, ẹ ṣeun» ni ó ń sọ sí òun, ọmọ tí ó bí. Ikú ti tún ipò àwọn méjèèjì tò. Nítorí náà, Aragorn sọ «ẹ» sí Arwen fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di ọjọ́ tí Arwen yan ikú lórí òkè Cerin Amroth. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ pè é ní «ìwọ». Wọ́n ti di ẹgbẹ́, nítorí ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ.

Ó ku ojú ewé kan. Elrond àti Arwen gun orí òkè lọ láti dágbére, Tolkien kò sì kọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Ẹni tí ó sin ìyá rẹ̀ ni a fi í sílẹ̀ fún. Kò tíì kọ ọ́, àwa kò sì kán an lójú.