Kọ́kọ́rọ́ tí À Ń Rà Lóṣooṣù

Àwọn àgbà wa ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ìnáwó kan ṣe ń wọlé tọ̀ wá. Wọn kì í pariwo, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń yọjú, iye wọn kò sì tó ohun tí à á torí rẹ̀ pe ẹbí jọ. Owó ìwòran orí tẹlifíṣọ̀n wà lára wọn, èyí tí àwa ará Àjàṣẹ́ ń fi èdè Faransé pè ní abonnement. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, nígbà tí owó ìwé àti aṣọ iléèwé àwọn ọmọ kanlẹ̀, ìdílé mi jókòó láti yẹ ìnáwó yìí wò. Ohun tí a bá pàdé nínú ìjókòó náà ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. 10 000 fáráǹkì ni à ń san lóṣù. Lọ́dún kan, ó di 120 000. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jùlọ tí òfin fọwọ́ sí ní Benin jẹ́ 52 000 fáráǹkì. Ti Togo jẹ́ 52 500. Fún ẹni tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, ìwòran nìkan yóò jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún owó oṣù rẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ó ti fi owó iṣẹ́ oṣù méjì àti díẹ̀ lé e lọ.

Kí ni à ń rà gan-an? Sátẹ́láìtì tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ wà ní nǹkan bí 36 000 kìlómítà lókè orí wa. Ìtànṣán rẹ̀ ń bọ́ sórí gbogbo òrùlé, ti ẹni tó sanwó àti ti ẹni tí kò san. Ilé-iṣẹ́ tó ń tà á ti tì í pa ni, káàdì inú dekódà sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà ni à ń rà, a kì í sì í rà á tán láé. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mìíràn wà tí wọn kò ti ilẹ̀kùn tiwọn. Àwo kan náà tó wà lórí òrùlé lè gbà wọ́n, bí a bá ra dekódà tiwọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni eriali lásán ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìbàdàn ti ní tẹlifíṣọ̀n láti ọdún 1959, nígbà tí ti Benin bẹ̀rẹ̀ ní 1978. Àwa tí a ń gbé lẹ́bàá ààlà mọ̀ pé ìgbì afẹ́fẹ́ kì í gba ìwé ìrìnnà kí ó tó ti Nàìjíríà wọlé wa, èdè tó sì ń bá wọlé nígbà mìíràn ni èdè tí ìyá wa bí wa sí.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí tán, ìyàwó mi ni ó kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní: “Bàbá àwọn ọmọ, owó tí a bá gé kúrò níbí, níbo ni yóò lọ? Owó tí a kò bá rán níṣẹ́, yóò wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀.” Àkọ́bí wa ọkùnrin béèrè pé: “Bàbá, bọ́ọ̀lù ńkọ́?” A jọ kà á: ìdíje tí kò lè ṣe kí ó má wò kò ju mẹ́rin lọ lóṣù. Ní ilé ìwòran àdúgbò wa, 200 fáráǹkì ni wọ́n ń gbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá mi ni ọkàn mi kò balẹ̀ nípa rẹ̀. Ọmọ Kétu ni wọ́n, wọn kò gbọ́ Faransé, síbẹ̀ wọn kì í pàdánù fíìmù àwọn ará Íńdíà ní ìrọ̀lẹ́. Bí àwòrán ti ń lọ, wọ́n á máa sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ ní Yorùbá: èyí ni ìyáálé, tọ̀hún ni ọ̀dàlẹ̀. Bí ọmọ bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n wí ní Faransé, wọ́n á ní: “Tèmi dùn ju tiwọn lọ.” Lọ́jọ́ ìjókòó náà, wọ́n ní: “Ọmọ mi, bí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ pa á. Ṣùgbọ́n ẹ má fi mí sílẹ̀ nínú yàrá òfìfo, kí olúkúlùkù gba orí fóònù rẹ̀ lọ.”

Gbólóhùn ìyàwó mi àti ti ìyá mi ni a fi ṣe òfin ilé. A rán 10 000 náà níṣẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ wa: 5 000 lọ sínú àjọ fún owó iléèwé, 3 000 fún ìwé àti owó ọkọ̀ lọ sí Kétu, 800 fún bọ́ọ̀lù, 1 200 fún íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé, tí kò gbọdọ̀ lé. Èyí tó gbẹ̀yìn ṣe pàtàkì, nítorí fídíò tó mọ́ dáradára lè jẹ gígábáìtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó pa dekódà tí kò sì fi ààlà sí fóònù kàn gbé owó rẹ̀ láti àpò kan sí òmíràn ni.

Oṣù mẹ́wàá ti kọjá. 50 000 fáráǹkì wà nínú àjọ. Kò rọrùn lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ilé dákẹ́ bí ilé tí àlejò ti kúrò, àwòrán eriali a sì máa mì bí òjò bá ṣú. Lọ́sẹ̀ kẹta, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́. Àbíkẹ́yìn wa, tó ti máa ń fi Faransé dá wọn lóhùn tẹ́lẹ̀, ń fi ẹnu ara rẹ̀ pa àlọ́ ìjàpá nísinsìnyí. Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, a lọ sí Kétu fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo aráyé. Lóru Ẹ̀fẹ̀, nígbà tí olórin fi ọ̀rọ̀ gún àwọn ará ìlú lára, àkọ́bí mi rẹ́rìn-ín kí n tó túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mo mọ ibi tí ó ti rí etí tó fi gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, n kò ní kí gbogbo ilé pa dekódà rẹ̀. Àwọn ilé mìíràn wà tí àwòrán ọ̀hún ni ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí aláìsàn ní. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ẹ ó rán owó náà, kí ẹ sì mọ ẹni tí yóò jókòó ti àgbà ilé ní aṣálẹ́. Bí a kò bá mọ méjèèjì, kọ́kọ́rọ́ kan ni a dá padà láti lọ ra òmíràn.